Ilé Tó Kù Nínú Ìlú Kékeré

Nísàlẹ̀ ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú, yàrá ńlá kan wà tí oòrùn kì í sábà rí ọ̀nà wọ̀. Inú yàrá yìí ni ìlú náà tún wà lẹ́ẹ̀kejì, lórí tábìlì kan tó fẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ dé òdìkejì rẹ̀ ní láti fi ẹ̀gbẹ́ ara rìn lẹ́bàá ògiri. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe odò rẹ̀, ó sì lọ́ gẹ́lẹ́ bí odò tòótọ́ ṣe lọ́ níta. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ilé rẹ̀, èyí tó ga jù nínú wọn kò sì ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìlú Kékeré. Ọkùnrin tó kọ́ ọ ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ìlú Kékeré, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Kò sí olórí ìlú kankan tó mọ ìlú rẹ̀ tó o, kò sì sí èyí tí àwọn ará ìlú rẹ̀ dákẹ́ fún tó bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà ni tẹ́lẹ̀. Àga àti ibùsùn ló ń kàn kí ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́, bí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ń wúwo fún iṣẹ́ ńlá ni ojú rẹ̀ ń mú sí i fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ohun tí wọ́n ń fi iṣẹ́ náà ṣe kò ṣòro láti lóye. Odò ìlú wọn jẹ́ irú àlejò tí kì í kanlẹ̀kùn. Nítorí náà, kí wọ́n tó kọ́ ohunkóhun tàbí kí wọ́n tó wó ohunkóhun, wọn yóò kọ́kọ́ ṣí omi sí Ìlú Kékeré láti inú táǹkì kan tó wà lókè tábìlì, wọn yóò sì wo ibi tí omi náà gbà. Wọ́n máa ń po aró díẹ̀ mọ́ ọn kí ojú lè bá a rìn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnjiníà yóò sọ fún ará àdúgbò títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ, omi aláró yóò sọ ọ́ láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń mu tíì kan tán.

Òfin kan ṣoṣo ló de Ìlú Kékeré: ilé tí wọ́n bá wó níta, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò lórí tábìlì lọ́jọ́ náà gan-an, kí omi má baà rí ohun tí kò sí mọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin yìí, kò sì fi ṣeré. "Èmi ò kì í tọ́jú òkú ilé," ni yóò wí, yóò sì fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ yọ ilé náà, yóò gbé e sínú àpótí kan tó wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní tọ́jú òkú ilé, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ nù pẹ̀lú.

Lẹ́yìn omíyalé tó kẹ́yìn, ọ́fíìsì yí èrò padà. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń fi ògiri dènà odò, odò a sì kúrò lẹ́yìn ògiri àdúgbò kan lọ sí yàrá ìsùn àdúgbò kejì. Ní báyìí, wọ́n ní àwọn yóò fún odò láyè. Wọn yóò kó àwọn ènìyàn kúrò ní àdúgbò tó rẹlẹ̀ jù lọ létí omi, wọn yóò gbin koríko àti igi tó fẹ́ràn omi síbẹ̀, kí odò lè rí ibi jókòó sí nígbàkígbà tí inú bá bí i, títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Èrò tó dára ni. Àwọn tó ń gbé níbi tí odò fẹ́ jókòó sí nìkan ni kò tètè rí ẹwà rẹ̀.

Bàbá wà lára wọn. Ilé rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò náà, ní ibi tóóró kan láàárín ògiri ilé-ìwé àti òkè olókùúta, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà sí àbàtà tó wà lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí ọ́fíìsì pe ìpàdé kí àwọn ará àdúgbò lè wá sọ tẹnu wọn, Bàbá dìde lójú gbogbo ayé.

"Ọ̀gá," ni ó wí, "ilé mi ò ju yàrá mẹ́ta lọ. Ẹ wá sọ fún mi, ilé yàrá mẹ́ta ló máa yí odò padà?"

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ súfèé. Ọ̀gá náà, tó kéré sí Bàbá lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tó jẹ́ olórí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ibi tí ilé yín wà yẹn, bí ìdérí ìgò ló rí. Tí ìdérí bá wà lẹ́nu ìgò, ibo lomi fẹ́ gbà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín sí èyí náà, nítorí ó dùn ún gbọ́. Bàbá jókòó. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n wó ilé rẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Ó padà sí ìdí tábìlì rẹ̀ láti pa òfin mọ́. Ó yọ ilé onígbàjámọ̀, ó yọ ilé aránṣọ, ó yọ gbogbo òpópónà náà bí ẹni tó ń hú èpò, ó ń kó wọn sínú àpótí. Ó wá kan tirẹ̀. Nígbà tó ń gbẹ́ ilé náà lọ́jọ́ tó ti pẹ́, ó ti ṣe ojúsàájú díẹ̀ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára: ó kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé bí ilẹ̀kùn tòótọ́, ó sì gbẹ́ àtẹ̀gùn tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó lé nírọ̀lẹ́ sí iwájú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pọ̀ ju ti ilé ẹlòmíràn lọ. Ó na ọ̀bẹ sí i, ó wò ó, ó ní ó di ọ̀la. Ọ̀la náà dé, ó tún rí ọ̀la mìíràn níwájú. Kò sí ẹni tó ṣàkíyèsí. Ta ni yóò máa yẹ iṣẹ́ ẹni tó ṣe òfin wò?

Bẹ́ẹ̀ ni ilé kan ṣe dá dúró láàárín koríko tí wọ́n fi èérún pákó ṣe, láìní aládùúgbò kankan.

Ní ti onílé gan-an, wọ́n fún un ní fúláàtì ní òkè kẹta, nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sórí òkè. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ojúsàájú wà, kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti pín fúláàtì náà. Kèké kò mọ ojú, kò sì mọ aládùúgbò. Onígbàjámọ̀ bọ́ sí ìpẹ̀kun kan, aránṣọ bọ́ sí ìpẹ̀kun kejì, àwọn tó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ Bàbá jẹ́ àwọn tó ń kí i lórí àtẹ̀gùn bí ẹni pàdé lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn: wọn á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn ò sì ní dúró. Ó máa ń gbọ́ bí ṣíbí wọn ṣe ń kan abọ́ lẹ́yìn ògiri. Ẹrù rẹ̀ ṣì wà ní dídì lórí tábìlì oúnjẹ, nítorí náà orí apá àga ló ti ń jẹun.

Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wọn ní ìlú mìíràn láti bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọmọ tuntun náà ti ń sáré báyìí, ó sì ti ń gun àga. Lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi ni ìyá náà máa ń pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹ."

"Kí lẹ jẹ?"

"Oúnjẹ ni."

"Ẹ ò tíì jẹun nìyẹn."

Ìgbà kan wà tí Bàbá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀, ó sì sọ fún un pé ilé wọn ṣì wà nínú Ìlú Kékeré, pé òun ò tíì yọ ọ́.

"Ṣé àyè wà nínú ẹ̀ fún èmi náà, àbí ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń dá gbé ibẹ̀?"

"Ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣeé ṣí."

"Á jẹ́ pé ilé wa ni lóòótọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín, nítorí ilẹ̀kùn wọn kò ṣí wọ́ọ́rọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọ ilé náà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù láàárín Bàbá àti ayé rẹ̀ àtijọ́ ni búrẹ́dì. Lẹ́yìn ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún odò, òpópónà kan wà tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn, ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ààrò rẹ̀. Láràárọ̀ ni Bàbá máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí yóò rìn yí koríko náà ká láìgbà á kọjá, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ṣé kò sí búrẹ́dì lókè lọ́hùn-ún ni?" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì máa ń bi í.

"Ó wà. Ó máa ń há mi lọ́fun."

"Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi há yín lọ́fun, kí n lè mọ̀ pé ẹ wá."

Òpópónà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wá kàn. Ọ́fíìsì fẹ́ mọ̀ bóyá àyè tí wọ́n ti fún odò ti tó, tàbí kí wọ́n tún fi òpópónà Ìyá Oníbúrẹ́dì kún un. Wọ́n ní Ìlú Kékeré ni yóò dáhùn. Bí omi bá dé òpópónà náà lórí tábìlì, wọn yóò wó o níta. Bí kò bá dé ibẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ yóò máa bá ayé wọn lọ. Wọ́n pe àwọn onílé kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i.

Wọ́n dé lọ́sàn-án, wọ́n sì rọ̀gbà yí tábìlì ká, oníkálukú ń wá ilé rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì rí tirẹ̀, ó ní wọ́n gbẹ́ ẹ kéré jù. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ ṣókí. Bàbá ṣí ẹ̀rọ táǹkì.

Omi aláró náà kún odò, ó kún bèbè, ó sì rọra tẹ́ sí orí koríko bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Ó ń lọ sí ọ̀nà àbàtà bí wọ́n ṣe fẹ́ kó lọ, títí ó fi dé ibi tóóró tó wà láàárín ilé-ìwé àti òkè olókùúta. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé ilé kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Ó dúró. Ó ga sókè díẹ̀ sí ara ilẹ̀kùn náà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò sí nílé. Lẹ́yìn náà ó padà sẹ́yìn, ó wá ọ̀nà mìíràn, ó sì rí i. Ó wọ òpópónà àwọn tó dúró wò ó. Ojú gbogbo wọn ń tẹ̀lé omi náà, kò sí ẹni tó wo ilé kékeré tó dá a padà.

"Ẹ wò ó, ẹ wò ó! Inú ààrò mi ló ń lọ!" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì kígbe.

"Ìyá, ẹ tètè kó búrẹ́dì jáde," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ibì kankan.

"Ṣé omi tí kò kún bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ló máa lé mi jáde nílé?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Ó ṣàánú wọn lóòótọ́. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ibi tóóró náà ti ga sí i níta nítorí ẹrẹ̀ tí odò ń kó wá, kí wọ́n sì ti mọ ọ́n bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì, èyí tí ẹnikẹ́ni nípò rẹ̀ ìbá rò. Ó ní òun yóò fi èsì náà ránṣẹ́ sókè kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Bàbá dúró ní ìdí táǹkì, ó di aṣọ ìnulẹ̀ mú. Ó rí gbogbo rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tó kọ́kọ́ gún un lọ́kàn kì í ṣe ìtìjú. Ohun tó gún un ni pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìdérí ìgò tí Ọ̀gá sọ ní ìpàdé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wó ilé rẹ̀, ó ti ń tu ara rẹ̀ nínú pé lásán ni wọ́n wó o, pé yàrá mẹ́ta kò lè yí odò padà. Ìbínú yẹn nìkan ni ẹrù tó kó kúrò níbẹ̀ tí kò fọ́ lọ́nà. Ilé tó fi gọ́ọ̀mù pa mọ́ nítorí ìbínú náà ló wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá lójú gbogbo ènìyàn, tó sì ń lé Ìyá Oníbúrẹ́dì kúrò nílé bí wọ́n ṣe lé òun.

Àwọn ènìyàn lọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ló dúró, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá tábìlì nígbà tí Bàbá ń nu omi.

"Ẹ̀yin nìyí! Ilẹ̀kùn yín rèé. Ẹ jẹ́ n wo ti onígbàjámọ̀."

"Ó ti kúrò."

"Aránṣọ ńkọ́?"

"Ó ti kúrò."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kù?"

Bàbá ń nu omi lọ. Àwọ̀ aró ṣì wà lórí koríko, ó fi hàn gbangba bí omi ṣe dé iwájú ilé náà tó sì yípo. Ìyá Oníbúrẹ́dì wò ó. Ó wo Bàbá. Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun tí kò sí lára aṣọ rẹ̀ dànù.

"Ṣé ẹ máa wá ra búrẹ́dì lọ́la?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi béèrè?"

"Mo kàn fẹ́ mọ iye tí n ó pò ni." Ó sì lọ. Títí di òní, Bàbá kò mọ̀ bóyá ó yé e tàbí kò yé e, kò sì tíì rí ìgboyà láti bi í.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò lọ sídìí búrẹ́dì. Ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá títí tó fi dé.

"Ọ̀gá, irọ́ ni omi àná pa."

"Bàbá, omi kì í purọ́."

"Ó dáa. Èmi ni mo purọ́ fún un."

Ó mú un sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá náà, ó sì na ìka sí ilé náà. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ilé ta nìyí?"

Bàbá kò retí ìbéèrè yìí. Ó ti rò pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé ọ̀rọ̀ ilé náà kiri láti ọjọ́ ìpàdé.

"Tèmi ni."

"Tiyín? Èyí wo?"

"Ìdérí ìgò."

Ọ̀gá wá agolo ọ̀dà kan, ó jókòó lé e. "Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ ọ́. Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín."

Ọ̀gá fọwọ́ nu ojú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ dídùn tó ti sọ ní ìpàdé pọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó lè rántí gbogbo wọn. "Ẹ yọ ọ́, Bàbá. Ká rọra tún omi ṣí, èmi àti ẹ̀yin nìkan. Bó bá gba ọ̀nà ẹ̀ lọ, n ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́."

"Rárá o, Ọ̀gá. Àwọn tó rí i lánàá ni kí wọ́n tún wá rí i."

Wọ́n tún pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n pé, Bàbá kò jẹ́ kí Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó na ìka sí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé náà.

"Ilé mi nìyí. Wọ́n ti wó o níta, èmi ni mi ò yọ ọ́ níbí. Mo dìde ní ìpàdé lọ́jọ́sí, mo ní kò lè yí odò padà. Ó lè yí i."

Ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́jọ́ yìí, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Ó fa ilé náà, kò gbọ́. Ó ki ọ̀bẹ bọ ìdí rẹ̀, ó sì ń rọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí gọ́ọ̀mù náà fi dún pẹ́ẹ́ tí ó sì jáwọ́. Àmì onígun mẹ́rin kan ló kù nílẹ̀, ó funfun bí ibi tí wọ́n ti yọ fọ́tò kúrò lára ògiri. Ó ṣí ẹ̀rọ táǹkì. Omi dé, ó tẹ́ sórí koríko, ó dé ibi tóóró, ó gba orí àmì funfun náà kọjá láìwo ẹ̀yìn, ó sì dà sí àbàtà. Òpópónà Ìyá Oníbúrẹ́dì gbẹ táútáú.

Ariwo sọ. Àwọn kan di mọ́ ara wọn. Ọkùnrin tó ní kí Ìyá kó búrẹ́dì jáde lọ́jọ́ yẹn yíjú sí Bàbá.

"Bàbá yìí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ rì wá! Ilé tí ò tó páálí ìṣáná lẹ fẹ́ fi lé gbogbo wa!"

"Ìwọ, gbé ẹnu ẹ dákẹ́," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Ṣé tìẹ ni wọ́n wó?"

Bí wọ́n ṣe wá ni wọ́n ṣe lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé wọn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, lẹ́yìn náà ó rántí ààrò rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá fẹ́ gbé ilé rẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ṣí i, ó sì rí i pé ó ti da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra: ilé onígbàjámọ̀ wà ní ìdojúdé lábẹ́ ilé ẹlòmíràn, òrùlé aránṣọ wọnú fèrèsé ilé ẹni tí òun àti aránṣọ kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò lè fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé àpótí náà lọ sílé.

Kí ó tó rí àyè lórí tábìlì oúnjẹ, ó ní láti sọ ẹrù kalẹ̀ kó sì tú u. Ó tú u, ó gbé àwọn ìkòkò sí ibi tí ìkòkò ń wà, ó gbé bàtà ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ó wá to àwọn ilé náà sórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀: onígbàjámọ̀ lápá òsì, aránṣọ ní ọ̀kánkán, òpópónà náà títí dé ìpẹ̀kun rẹ̀, níbi tí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó o, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ilé náà tún ní aládùúgbò.

Fóònù dún. Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi.

"Bàbá wọn, ọkàn mi kàn lọ sọ́dọ̀ yín ni. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń to àdúgbò."

"Àdúgbò wo?"

"Tiwa. Gbogbo wọn ti pé. Ó ku ìwọ."

Ó gbọ́ bí ọmọ kékeré ṣe ń ké lẹ́yìn rẹ̀, àti bí nǹkan kan ṣe ṣubú. Ìyàwó rẹ̀ mí sínú fóònù náà.

"Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ yìí sùn ná, Bàbá wọn. N ó tún pè yín padà."

"Ó dáa."

Ó gbé fóònù náà sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé, níbi tó yẹ kí odò wà, ó sì jókòó tì í.